Ìwé Harry Stottlemeier àti ìwé atọ́nà rẹ̀: ṣé ó ṣì ṣe é fi kọ́ ọmọdé ní fìlọ́sọ́fì?

Ká má fọ̀rọ̀ falẹ̀: tó bá jẹ́ ìtàn aládùn lẹ ń wá, Harry Stottlemeier's Discovery kọ́. Olùkọ́ fìlọ́sọ́fì ni Matthew Lipman tó kọ ọ́. Yunifásítì Columbia ló ti ń kọ́ni kó tó kọjá sí Montclair ní New Jersey, níbi tó ti dá IAPC, àjọ tó ń gbé kíkọ́ ọmọdé ní fìlọ́sọ́fì lárugẹ, sílẹ̀ lọ́dún 1974. Àwọn ọmọ inú ìwé náà ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà tó wọ ṣòkòtò péńpé. Kódà orúkọ Harry fúnra rẹ̀, ẹ sáré pè é, Aristotle lẹ máa gbọ́. Ọmọ bí ọdún 10 sí 12 ló bá mu.

Orí kìíní nìkan tó owó ìwé. Ọkàn Harry ti rìn lọ nínú kíláàsì nígbà tí tíṣà bi í pé kí ló ní ìrù gígùn tó sì ń yí oòrùn po. Ó rántí pé gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì ló ń yí oòrùn po, ló bá ní pílánẹ́ẹ̀tì ni. Ìràwọ̀ onírù ni wọ́n ń wí, kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Níbi tó ti ń wá ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀ ló ti rí i pé bí a bá yí gbólóhùn "gbogbo" padà, ká fi ti ẹ̀yìn ṣíwájú ("gbogbo ohun tó ń yí oòrùn po ni pílánẹ́ẹ̀tì"), òótọ́ inú rẹ̀ lè bọ́ sọnù. Lisa, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló kó o sí wàhálà: kò sí idì tó jẹ́ kìnnìún. Ẹ yí i padà, òótọ́ ṣì ni. Kí orí náà tó parí, aládùúgbò kan ti ń sọ fún ìyá Harry pé ojoojúmọ́ lòun ń rí ìyáàfin kan tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù ọlọ́tí, ibẹ̀ náà sì làwọn ọ̀mùtí ń wọ̀. Harry mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀.

Fún àwọn ọmọ tiwa, ẹ gbé e wá sí ìgboro: "Gbogbo olè ló máa ń sá. Ọkùnrin yìí ń sá." Ẹ dákẹ́ síbẹ̀, ẹ má parí rẹ̀ fún wọn.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣe é. "Gbogbo wọn kò wá" ní ìtumọ̀ méjì: ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò yọjú, ó sì lè jẹ́ pé àwọn kan wá. Ẹ lo "kò sí" tàbí "kì í ṣe gbogbo", àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdánrawò á dàrú mọ́ yín lọ́wọ́. Ọmọ kan sì lè sọ pé gbogbo onígun mẹ́ta ló ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta péré, kó yí i padà kó ṣì jẹ́ òótọ́. Ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Àríyànjiyàn tó dáa jù ní ọjọ́ náà nìyẹn.

Ìwé atọ́nà olùkọ́ ló níye lórí jù. Ó ń fa kókó inú orí kọ̀ọ̀kan yọ, ó sì to ìbéèrè àti ìdánrawò sábẹ́ wọn. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ó pọ̀ jù. Tíṣà tó bá fẹ́ ka ìbéèrè rẹ̀ láti orí dé ìdí, ìdánwò ló ń ṣe. Kókó kan péré ti tó fún wákàtí kan. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tí iye wọn jẹ́ 12 sí 15 jókòó yípo, kí wọ́n máa ka ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, ojú ìwé 2 tàbí 3. Kí wọ́n ronú fún ìṣẹ́jú 2, kí wọ́n wá béèrè. Ẹ kọ ìbéèrè sójú pátákó bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gan-an, kí orúkọ oníbéèrè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n dìbò yan ọ̀kan, kí ìjíròrò gba ìṣẹ́jú 30. Ìṣẹ́jú 5 ìparí wà fún kí kálukú sọ bóyá èrò òun yí padà.

"O káre" ló ń pa ìjíròrò jù. Tí tíṣà bá ti sọ ọ́ fún ẹni àkọ́kọ́, àwọn tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí tíṣà fẹ́ gbọ́. "Kí ló mú kí o sọ bẹ́ẹ̀?" ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ka ení dé àrún nínú yín kẹ́ ẹ tó tún sọ̀rọ̀. Níbi tí wọ́n ti gbà pé jíjiyàn jẹ́ àfojúdi, ẹ kọ́ wọn ní gbólóhùn yìí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀: "Mi ò fara mọ́ ohun tí Bùnmi sọ, nítorí pé…" Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá jà, kì í ṣe Bùnmi.

Ẹ má ra ìwé yìí nítorí máàkì o. Ìwádìí tí Education Endowment Foundation, àjọ tó ń dán ọ̀nà ìkọ́ni wò, gbé jáde lọ́dún 2015 lórí kíkọ́ ọmọdé ní fìlọ́sọ́fì ní ilé-ẹ̀kọ́ 48 ní Ẹ̀ńgílándì rí ìlọsíwájú bí oṣù 2 nínú ìwé kíkà àti ìṣirò. Èyí tó tóbi jù ú lọ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ nínú ìwé kíkà.

Tí àpò ò bá gbé ìwé méjèèjì, ìwé atọ́nà ni kẹ́ ẹ mú. Àlọ́ Ìjàpá lè dípò ìtàn Harry, tẹ́ ẹ bá ti lè gé "ìtàn yìí kọ́ wa pé" kúrò ní ìdí rẹ̀.