cpanm ń ṣiṣẹ́ ẹ̀, Apache ni kò mọ ibi tó kó ẹrù sí

Bí ẹ bá ní script Perl (ètò kékeré tí wọ́n fi èdè Perl kọ) tó ti pẹ́ lórí sáfà àjọlò, tí ẹ kò sì ní àṣẹ root (àṣẹ ọ̀gá sáfà), irinṣẹ́ tó ń jẹ́ cpanm ni kí ẹ fi gbé module (kóòdù tí script ń yá lò) wọlé láti CPAN, ibi ìkójọ module Perl lórí ayélujára. Èmi ò tún fojú kan CPAN shell àtijọ́ mọ́, ìyẹn tó máa ń da ìbéèrè boni bí ọlọ́pàá ojú títì. Tatsuhiko Miyagawa tó kọ cpanm kó gbogbo ẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo, kò sì béèrè ètò kankan kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìwé ẹ̀ ní RAM 10MB ti tó o.

Script ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan n'Íbàdàn ni mo lò ó fún. Iléeṣẹ́ tí wọ́n háyà sáfà lọ́wọ́ ẹ̀ gbé Perl sókè láìsọ fún ẹnikẹ́ni, akọ̀wé ẹgbẹ́ bá pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, 500 ló kàn ń kọ o, àwọn èèyàn sì ti tò síwájú mi." 500 ni àmì pé nǹkan bàjẹ́ lórí sáfà; browser kì í sọ jù bẹ́ẹ̀. Inú error_log, fáìlì tí Apache (ètò tó ń gbé ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù jáde lórí sáfà) ń kọ àṣìṣe sí, lẹ ti máa bá òótọ́ ọ̀rọ̀:

Can't locate CGI.pm in @INC (you may need to install the CGI module)

Ọdún 2015, nínú Perl 5.22, ni wọ́n ti yọ CGI.pm, module tí script fi ń bá browser sọ̀rọ̀, kúrò lára ohun tó ń bá Perl wá. Nígbà tó di 5.26, ní 2017, wọ́n tún yọ àmì "." (fódà tí script ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀) kúrò nínú @INC, àkójọ ibi tí Perl ti ń wá module, nítorí ààbò. Ìyẹn ni Owo.pm, module tiwa tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ script gan-an, fi di ohun tí Perl kò rí mọ́.

Mo tẹ cpanm CGI. Ó wá a, ó dán an wò, ó ní "Successfully installed". Ó dáa bẹ́ẹ̀, àbí? Lórí terminal, perl -MCGI -e 1, tó ń wò ó bóyá Perl rí CGI, kọjá láìwí nǹkan kan. Ẹ padà sí browser: 500 ṣì wà ńbẹ̀ gbọnin. Ohun tí mo bá cpanm jà sí nìyí: kò sọ ibi tó kó ẹrù sí. Nítorí local::lib (module tó ń jẹ́ kí ẹ kó module sínú fódà tiyín) wà nínú .bashrc, fáìlì ètò tí terminal ń kà, ~/perl5 nínú fódà ilé yín ló kó o lọ, PERL5LIB, ohun tó ń sọ fún Perl ibi tó tún máa wá module, ló sì ń fi ọ̀nà han terminal. Apache kì í ka .bashrc ẹnikẹ́ni. Ẹ má wulẹ̀ fi SetEnv (àṣẹ Apache tó ń gbé irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ fún script) da ara yín láàmú, torí suexec, ètò tí Apache fi ń mú script ṣiṣẹ́ lórúkọ ẹni tó ni ín, máa gbọn PERL5LIB dànù kó tó dé ọ̀dọ̀ script. Inú script gan-an ni kẹ́ ẹ kọ ọ̀nà náà sí, kó ṣáájú use CGI:

use FindBin;
use lib $FindBin::Bin;
use lib '/home/egbe/perl5/lib/perl5';

Ìlà kejì yẹn ló dá Owo.pm padà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún cpanm. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, yóò kàn ní kẹ́ ẹ lọ wo build.log, fáìlì tó gùn bí nǹkan míì, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. DBD::mysql, module tí Perl fi ń bá database MySQL sọ̀rọ̀, ló sábà máa ń mú wa débẹ̀, torí ó ń fẹ́ C compiler (ètò tó ń sọ kóòdù C di ohun tí kọ̀ǹpútà lè lò) àti header MySQL (fáìlì MySQL tí compiler náà máa kà). Bí sáfà yín kò bá ní wọn, ẹ kọ̀wé sí àwọn onísáfà kí wọ́n bá yín fi wọ́n síbẹ̀.