Ṣokoléètì Divine àti ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n

Ó lé ní ọdún márùn-ún tí ṣokoléètì Divine dúdú, èyí tí kòkó jẹ́ ìdá 70 nínú 100 ohun tó wà nínú rẹ̀, ti ń wà nínú ilé ìdáná mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹyọ kan wọ̀n tó gíráàmù 90, bébà tí wọ́n fi wé e sì ní àmì adinkra àwọn Akan lára. Bí ènìyàn bá kán an, a máa dún bí igi gbígbẹ. Bí ó bá dé orí ahọ́n, ìkorò rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà ni adùn yóò wá máa yọ díẹ̀díẹ̀. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ti jẹ èyí tó dùn jù ú lọ rí, n kò sì ní sọ pé adùn rẹ̀ nìkan ló ń mú mi san owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ń ta èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ló ń mú mi rà á.

Abà kòkó kan ní agbègbè Ìdànrè ni wọ́n ti tọ́ mi. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kòkó mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ tí a já a ni iṣẹ́ rẹ̀ parí: a óò fọ́ ọ, a óò kó o jọ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà títí òórùn kíkan yóò fi gba gbogbo àyíká, a óò wá sá a sórí ẹní, a óò máa fi ọwọ́ yí i, bí òjò bá sì ṣú, tọmọdé tàgbà ni yóò sáré jáde lọ kó o wọlé. Gbogbo làálàá yìí ni bàbá mi máa ń rọ sínú àpò, tí yóò sì gbé lọ bá ọkùnrin tó ń ra kòkó lọ́dọ̀ wa. Ní ọdún kan, ara fu ú sí òṣùwọ̀n ọkùnrin náà, ó sì gbé odidi àpò sìmẹ́ǹtì kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú lé e. Kílò 50 ni wọ́n kọ sára àpò náà. 44 ni ọwọ́ òṣùwọ̀n dúró sí. Mo wà níbẹ̀, mo sì fi ojú mi rí i. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ jiyàn. Ohun tó sọ kò ju pé kí bàbá mi gbé kòkó rẹ̀ padà sílé bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bàbá mi kò sì lè gbé e padà, nítorí ọwọ́ ọkùnrin yìí kan náà ló ti yá owó iléèwé wa, kò sì tíì san án tán.

Ìdí nìyí tí ìtàn Kuapa Kokoo fi wọ̀ mí lára ṣinṣin nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Gánà ni. Nígbà tí ìjọba Gánà gba àwọn oníṣòwò aládàáni láyè láti máa ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ kan rí i pé kò sí ohun tó ní kí àwọn náà má ra kòkó ara wọn, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní 1993. Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ètò wọn, lójú tèmi, ni pé àwọn ará abúlé kọ̀ọ̀kan ló ń dìbò yan ẹni tí yóò máa wọn kòkó wọn, tí yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀, láti àárín ara wọn. Àgbẹ̀ bíi tiwọn ni, wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n mọ oko rẹ̀. Bí ó bá sì ṣe màgòmágó, àwọn tó yàn án náà ni yóò yọ ọ́. Pa Pa Paa, ìyẹn ohun tó dára ju gbogbo ohun tó dára lọ, ni gbólóhùn tí wọ́n fi ń pe ara wọn ní èdè Twi.

Ní 1998, ẹgbẹ́ yìí àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ ní Ìlú Ọba dá ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì tí à ń pè ní Divine lónìí sílẹ̀, ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà sì jẹ́ ti àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn. Ní 2006, The Body Shop, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìpara, tí òun náà ní ìpín nínú Divine, fi ìpín tirẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ, èyí tó gbé ìpín àwọn àgbẹ̀ sókè dé nǹkan bí ìdá 45 nínú 100. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ń fọ́ kòkó lábẹ́ igi ní Gánà ní aṣojú tó jókòó síbi tí wọ́n ti ń pín èrè ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó dùn mí pé ọ̀rọ̀ kò dúró bẹ́ẹ̀. Ní 2020, ilé-iṣẹ́ Weinrich ti ilẹ̀ Jámánì ra èyí tó pọ̀ jù nínú Divine, ìpín Kuapa Kokoo sì wálẹ̀ sí ìdá 20. Ìdá 20 ṣì ju òfo lọ, mo sì ṣì ń ra ọjà wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń rà á nítorí pé àwọn àgbẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ni ìdajì rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìgbà yẹn ti kọjá.

Àmì Fairtrade, ìyẹn àmì òwò láìsí ìrẹ́jẹ, tó wà lára bébà náà tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ó sì yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó ní iye tí owó kòkó kò gbọdọ̀ relẹ̀ kọjá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, wọ́n gbé iye náà sí dọ́là 2,400 lórí tọ́ọ̀nù kan. Lẹ́yìn èyí, owó àfikún wà, dọ́là 240 lórí tọ́ọ̀nù kan, tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò sì jókòó pinnu ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Mo fara balẹ̀ ṣírò rẹ̀. Kóró kòkó tó wọ inú ẹyọ ṣokoléètì mi kan kò ju nǹkan bí gíráàmù 80 lọ, nítorí náà owó àfikún tó ti ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kò tó sẹ́ǹtì méjì owó Amẹ́ríkà. Owó tí mo fi kún ti ṣokoléètì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ju èyí lọ fíìfíì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé gbogbo owó tí ẹ bá san lé ló ń dé ọwọ́ àgbẹ̀. Àǹfààní iye tí owó kò gbọdọ̀ relẹ̀ kọjá náà máa ń hàn nígbà tí ọjà bá wó lulẹ̀, bí ó ti wó ní 2017. Ní 2024 tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 10,000 ní ọjà àgbáyé, kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe. Bákan náà, bí ẹ bá rí ọfà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà, ẹ yí ọjà náà padà kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé wọ́n ti da kòkó àwọn àgbẹ̀ náà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn ní ilé ìlọkòkó, tí iye tí wọ́n rà àti iye tí wọ́n tà nìkan sì bá ara mu.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa òwò láìsí ìrẹ́jẹ pọ̀ mọ́ ohun ọ̀gbìn tí a kò fi kẹ́míkà ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Divine tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò sí lára èyí tí a kò fi kẹ́míkà ṣe. Ilé-iṣẹ́ náà ti ṣe irú ìyẹn lọ́tọ̀, kòkó São Tomé ni wọ́n sì fi ṣe é. Bí mo bá rí irú rẹ̀, mo máa ń rà á, torí mo rántí bàbá mi tó gbé ẹ̀rọ oògùn kọ́ ẹ̀yìn láìsí ohun kan tó bo imú rẹ̀, tí oògùn ń ṣàn sí i lẹ́yìn, tí ìyá mi sì ń fi ọwọ́ lásán fọ aṣọ náà létí odò tí a ti ń pọn omi mu. Lindane ló wà nínú oògùn náà, kẹ́míkà tí àdéhùn Stockholm fi kún àwọn tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì lóko ní 2009. Nítorí náà, bí mo bá ń wá ewé tí wọ́n fi ìràwọ̀ funfun yà sórí àwọ̀ ewéko, èyí tí í ṣe àmì àjọ ilẹ̀ Yúróòpù, àgbẹ̀ tó ń mí oògùn símú ni mo kọ́kọ́ ń rò kí n tó ro ti ara mi. Kì í ṣe pé àwọn àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fín ohunkóhun rárá. Wọ́n gbà wọ́n láyè láti lo bàbà níwọ̀nba sí àìsàn tó ń sọ èso kòkó di dúdú.

Inú mi máa ń dùn láti sọ fún àwọn ará wa pé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ Tógò ni kòkó tí Green & Black's fi bẹ̀rẹ̀ ṣokoléètì aláìníkẹ́míkà rẹ̀ ní 1991 ti wá, àti pé Maya Gold tí wọ́n ṣe ní 1994 ni ọjà àkọ́kọ́ tó gba àmì Fairtrade ní Ìlú Ọba. Ṣùgbọ́n ní 2017, ilé-iṣẹ́ yìí kan náà gbé ẹ̀yà kan jáde tí kò ní àmì kankan nínú méjèèjì, tí orúkọ ara rẹ̀ kò sì yí padà. Ẹ máa ka ẹ̀yìn ọjà. Orúkọ nìkan kò tó. Àwa tí ẹ̀wà ilé ń wù jẹ nílẹ̀ yìí kúkú mọ ohun tí oògùn lè fà: láti 2015 ni àjọ ilẹ̀ Yúróòpù ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀.

Ní ti Divine, ẹni tí apá rẹ̀ bá ká a ni kí ó rà á. Ẹni tí kò bá ká, kí ó ra ẹyọ kan lóṣù dípò mẹ́rin ti olówó pọ́ọ́kú. Mo mú ẹyọ méjì lọ sílé nígbà tí mo lọ kí bàbá mi kẹ́yìn. Ó kán an, ó gbé e sẹ́nu, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní òun kò mọ̀ pé bí kòkó ṣe ń dùn nìyí. Mo ka orúkọ ẹgbẹ́ náà fún un, mo sì ṣàlàyé pé àgbẹ̀ bíi tirẹ̀ ni wọ́n. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni ẹni tó ń bá wọn wọn kòkó. Mo ní ará abúlé wọn ni, àwọn ni wọ́n dìbò yàn án. Ó ní kí n tún un sọ.