Iná mẹ́kúrì-ágọ́ọ̀nù yìí dáa gan-an, àmọ́ wavelength nìkan ni tiẹ̀ o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi spectrometer (ẹ̀rọ tó ń ya ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀) wọn ìmọ́lẹ̀ ní láàbù, tẹ́ ò bá tíì ní iná mẹ́kúrì-ágọ́ọ̀nù lọ́wọ́, tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wavelength (gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀) tó ń kà tọ̀nà, ẹ lọ wá a rà. Èyí tí wọ́n ń ki fáíbà (okùn tó ń gbé ìmọ́lẹ̀) bọ̀ níwájú yẹn ni mò ń lò, ọkàn mi sì balẹ̀ sí i ju gíláàsì holmium tí wọ́n tún fi ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí lọ. Holmium náà dáa, àmọ́ òkè inú ẹ̀ (ibi tó ti ń fa ìmọ́lẹ̀ mu) fẹ̀, ó sì lè yàtọ̀ díẹ̀ láti gíláàsì kan sí èkejì. Ìlà mẹ́kúrì (àwọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń tàn jáde) ní tiẹ̀, inú átọ́ọ̀mù ló ti ń jáde, 546.07 nánómítà lónìí, 546.07 lọ́la, bó ti wù kí ẹ̀rọ yín yẹ̀ tó.

Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, ìlà ágọ́ọ̀nù ló máa kọ́kọ́ mọ́lẹ̀ jù, 696.54, 763.51, àwọn yẹn, tó bá wá ń gbóná ni mẹ́kúrì á gba iwájú, torí náà ẹ má kánjú kọ nǹkan kan sílẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìlà méjì aláwọ̀ ìyeyè tó tẹ̀lé ara wọn yẹn, 576.96 àti 579.07: tí ẹ̀rọ yín bá yà wọ́n sọ́tọ̀ kedere, ojú ẹ̀ mú nìyẹn, tó bá pò wọ́n pọ̀ di òkè kan ṣoṣo, bóyá slit (ojú tóóró tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé) ti fẹ̀ jù tàbí fókọ́ọ̀sì ti yẹ̀.

Ẹ ṣáà ṣọ́ra fún ìlà kan ní 507.3. Mẹ́kúrì ò ní ìlà níbẹ̀, 253.65 ni grating (àwo tó ń ya ìmọ́lẹ̀ nínú ẹ̀rọ) tún gbé jáde lẹ́ẹ̀kejì ní ìlọ́po méjì nọ́ńbà ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá kà á mọ́ àwọn tòótọ́, gbogbo ìṣirò dàrú nìyẹn. Ẹ fi gíláàsì lásán bo iwájú iná, ẹ máa rí i tó pòórá lójú ẹsẹ̀, torí gíláàsì kì í jẹ́ kí 253.65 kọjá.

Ohun tó ń bí mi nínú ni bí àwọn tó ń tà á ṣe máa ń sọ ọ́ bíi pé gbogbo calibration (títún ẹ̀rọ ṣe kó lè kà dáadáa) ló parí síbẹ̀. Rárá o! Kò lè sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó fún yín. Iná halogen tó ní ìwé ẹ̀rí tó tọpa dé NIST ti Amẹ́ríkà tàbí PTB ti Jámánì (àwọn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí òṣùwọ̀n) lẹ nílò fún ìyẹn, òun náà sì ń gbó bí wákàtí tẹ́ ẹ fi ń tàn án ṣe ń pọ̀. Ìwé tó bá tèmi wá ò tiẹ̀ sọ pé inú afẹ́fẹ́ ni 546.07, bẹ́ẹ̀ 546.23 ni tí kò bá sí afẹ́fẹ́ rárá.

Ẹ dákun, ẹ má wo inú ẹ̀ lójú korojú, UV (ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò lè rí) ibẹ̀ máa ń sun ojú, gíláàsì ààbò ni kẹ́ ẹ lò.