Gorée: ẹ sùn síbẹ̀, ẹ má kàn yà á wò

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àlhájà, la jọ lọ. Ìsàlẹ̀ Èkó là ń gbé, ọjà Balógun la ti ń ta aṣọ, kò sì sí ará Èkó tí mo tún máa ròyìn ariwo ibẹ̀ fún: fèrè dánfó, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àwọn tó ń ta àgbo, agbèrò tó ń pe Ọbáléńdé bí ẹni pé ilé ń jó. Nígbà tí a ní ká lọ sinmi, ohun kan ṣoṣo ni Àlhájà bèèrè fún: ibi tí òun kò ti ní gbúròó mọ́tò. Ibi tí a wá lọ ni Gorée, erékùṣù kékeré tó dojú kọ ìlú Dakar ní Senegal. Púpọ̀ nínú ohun tí mo kà nípa rẹ̀ kí a tó lọ, òyìnbó ló kọ ọ́, ohun tó sì ń jẹ wọ́n lógún yàtọ̀ sí tiwa. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Èrò tó pọ̀ jù ló ń dé Gorée láàárọ̀, wọ́n á wo Ilé Ẹrú, ilé àtijọ́ tó ti di ibi ìrántí òwò ẹrú, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹun, wọ́n á sì bá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ padà sí Dakar. Àwọn wọ̀nyẹn kò tíì rí Gorée. Ẹ sùn síbẹ̀, kì í sì í ṣe alẹ́ kan péré.

Ọ̀nà àtidé ibẹ̀ kò le tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà kò nílò físà, nítorí àdéhùn ECOWAS fún wa ní 90 ọjọ́. Ẹ mú yẹ́lò káàdì yín, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, dání. Bàálù ló gbé owó jù, kò sì sí ọgbọ́n tí mo lè kọ́ yín nípa ìyẹn ju kí ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì. Pápákọ̀ òfurufú wọn, tí wọ́n ṣí ní 2017, jìnnà sí ìlú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50 kìlómítà, nítorí náà ó sàn kí ẹ balẹ̀ lójú ọ̀sán. Orúkọ Blaise Diagne ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọmọ Gorée gan-an ni bàbá náà, wọ́n bí i síbẹ̀ ní 1872, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n dìbò yàn wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Faransé, ní 1914. Owó CFA ni wọ́n ń ná. Ẹ ṣẹ́ owó yín ní Dakar kí ẹ tó wọkọ̀.

Èbúté Dakar ni ọkọ̀ ti ń gbéra, ìrìn náà kò ju bí 20 ìṣẹ́jú lọ. Wọ́n máa ń wo ìwé ìrìnnà yín, owó ọkọ̀ sì yàtọ̀ síra: ọmọ ilẹ̀ wọn ń san díẹ̀, àwa ará Áfíríkà yòókù ń san jù wọ́n lọ, àwọn tó ti òkè òkun wá ló ń san jù. Ẹ sọ ọ́ tààrà pé Nàìjíríà lẹ ti wá, kí pásípọ́ọ̀tù sì wà lọ́wọ́. Ọkọ̀ ńlá ni, kì í ṣe irú ọkọ̀ fáíbà tiwa. Àlhájà, tí kò jẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ Ìkòròdú láéláé, jókòó síbẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀.

Inú ọkọ̀ náà gan-an ni ọjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ní ìsọ̀ ní Gorée á jókòó tì yín, wọ́n á kí yín, wọ́n á bi yín lórúkọ, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ. Tí ẹ bá ti lè sọ pé "màá yà," ẹ ti jẹ gbèsè nìyẹn, wọ́n á sì dá yín mọ̀ títí tí ẹ ó fi kúrò. Mi ò bínú sí wọn, iṣẹ́ tiwa náà ni. Àmọ́ kí ẹni tí kò fẹ́ rajà sọ ọ́ láti inú ọkọ̀, kó sì fi ẹ̀rín sí i.

Gbogbo erékùṣù náà kò ju 28 hẹ́kítà lọ, kò tó kìlómítà kan láti ìkángun kan dé èkejì. Kò sí mọ́tò, kò sí ọ̀kadà, kò sí kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Ọmọlaǹkẹ ni wọ́n fi ń kó ẹrù láti èbúté, àgùntàn sì ń rìn láàárín títì bí ẹni tó ni ilé. Òpópónà wọn tóóró, iyanrìn ló wà nílẹ̀ níbi púpọ̀, òdòdó pupa àti aláwọ̀ osùn rọ̀ sílẹ̀ láti orí ògiri. Àwọn ilé náà pupa rúsúrúsú tàbí kí wọ́n pọ́n bí ìyeyè, fèrèsé onígi aláwọ̀ ewé tàbí búlúù. Ẹni tó bá dàgbà sí àdúgbò Pópó Àgùdà máa dá irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀, àyà mi sì já nígbà tí mo rí i, nítorí mo rántí Ilojo Bar, ilé àtijọ́ àwọn Àgùdà tiwa ní Tinúbú. Wọ́n kọ́ ọ ní 1855, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n sì wó o palẹ̀ ní 2016. Ní Gorée, UNESCO ti kọ gbogbo erékùṣù náà sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé láti 1978, àwọn ilé náà ṣì dúró, èèyàn ṣì ń gbé inú wọn, wọ́n ń sá aṣọ sí ojú fèrèsé. Ó dùn mí gan-an pé a kò tọ́jú tiwa.

Òkè tí wọ́n ń pè ní Castel ni mo fẹ́ kí ẹ fi àkókò yín sí. Igi oṣè tò sí ọ̀nà rẹ̀, àwọn ayàwòrán á sì fi iṣẹ́ wọn ti ara igi náà láti ìsàlẹ̀ títí dókè. Lórí òkè, àgbá ìbọn ńláńlá ṣì wà níbẹ̀ láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí àwọn Faransé tó ń ṣàkóso Dakar bá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti De Gaulle, Faransé tó kọ̀ láti túúbá fún Jámánì, jà ní oṣù Kẹsàn-án 1940. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ fún àwọn sójà ni àwọn ayàwòrán sọ di ilé àti ìsọ̀. Wọ́n ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń dáná ibẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn gbà wá láyè láti jókòó ti òun. Iyanrìn ló fi ń ya àwòrán. Ó to abọ́ kéékèèké kalẹ̀: iyanrìn funfun, èyí tó pọ́n, pupa, dúdú kirikiri, àti oríṣiríṣi tó wà láàárín wọn. Ó fi pẹ́ńsù ya àwòrán obìnrin tó ru igbá, sórí pátákó ló yà á sí, ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì ta oje igi sí ibi ìró nìkan. Ó bu iyanrìn pupa láàárín ìka mẹ́ta, ó fọ́n ọn sí i, ó dúró díẹ̀, ó dojú pátákó náà dé, ó sì gbá ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́ọ́. Gbogbo èyí tí kò lẹ̀ já bọ́, ìró obìnrin náà sì yọ kedere. Ó tún ta oje sí gèlè, ó bu dúdú. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é ní àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sì jẹ́ kí ọ̀kan wọnú èkejì. Emi tí mo ń ta aṣọ, ojú mi kì í gbàgbé àwọ̀, mo sì fura pé ó pa àwọn iyanrìn náà láró. Mo bi í. Kò sọ̀rọ̀. Ó fi omi ra ìka rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú abọ́ pupa, ó fi pa funfun àtẹ́lẹwọ́ mi. Kò sí àwọ̀ kankan tó bá mi lọ́wọ́. Ó ní láti ibi tó yàtọ̀ síra ni wọ́n ti ń kó wọn wá, ti aṣálẹ̀ yàtọ̀, ti etíkun yàtọ̀.

Àlhájà ná an bí a ṣe ń nájà ní Balógun. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó pè é ní màmá, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, ó sì kọ̀ jálẹ̀ níbi tó yẹ kó kọ̀. A san án tayọ̀tayọ̀. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá èbúté, owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ogún ìsọ̀ lè gbé ọ̀kan náà kọ́. Ẹ gun òkè, kí ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ rí tó ń ṣe é.

Ní ti Ilé Ẹrú, ẹ lọ ní kété tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, kí èrò tó kún. Nǹkan bí 1776 ni wọ́n kọ́ ọ. Mandela débẹ̀ ní 1991, Póòpù John Paul Kejì ní 1992, Obama ní 2013. Àwọn onímọ̀ ìtàn ń jiyàn lórí iye ẹrú tó gba ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ tó kọjú sókun, èyí tí wọ́n ń pè ní Ilẹ̀kùn Àìpadà, kọjá, àwọn kan ní wọn kò pọ̀ rárá. Bí a bá sọ ti iye, Èkó fúnra rẹ̀ wà lára èbúté tó kó ẹrú jù ní etíkun wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19. Ṣùgbọ́n yàrá ìsàlẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí yẹn, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àlhájà ka Fátíà níbẹ̀. A kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà.

Tí àwọn èrò bá lọ tán ní ìrọ̀lẹ́, ìlú á padà sọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Àwọn ọmọdé á gbá bọ́ọ̀lù ní gbàgede, àwọn ìyá á gbé àga síta, wọ́n á se tíì attaya wọn, wọ́n á máa dà á láti òkè sínú ife kékeré títí tó fi máa hó: ife àkọ́kọ́ korò, èyí tó tẹ̀ lé e dùn jù ú lọ. A kò gbọ́ Wolof, èdè wọn, Faransé wa kò sì tó nǹkan, síbẹ̀ wọ́n fi àyè gbà wá lórí àga wọn. Wọ́n sọ fún wa nípa Mame Coumba Castel, obìnrin inú omi tó ń ṣọ́ erékùṣù náà. Mọ́ṣáláṣí olókùúta wà nísàlẹ̀ òkè, ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Charles ti 1830 kò sì jìnnà sí i. Oorun tí ẹ̀gbọ́n mi sùn níbẹ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kó sùn bẹ́ẹ̀.

Ó ku ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ilé tí a dé sí ṣèlérí yàrá ìsàlẹ̀ fún wa nítorí orúnkún Àlhájà. Òkè ni wọ́n gbé wa lọ, àtẹ̀gùn náà sì dúró gan-an bí àkàbà. Ọjọ́ kejì kí wọ́n tó gbé wa sọ̀kalẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti bá wọn ṣe ọ̀rọ̀ gidi. Omi balùwẹ̀ ń ro tó-tó-tó láàárọ̀. Búrẹ́dì àti kọfí ni oúnjẹ àárọ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Ilé oúnjẹ lẹ́bàá èbúté gbówó lórí. Ìyá kan tó ń se ceebu jën nínú àgbàlá rẹ̀ ló gbà wá, ìrẹsì àti ẹja tí UNESCO pẹ̀lú kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá ní 2021. Ó dùn dé eegun, àmọ́ ata rẹ̀ kò tó wa, ẹ di ata gígún dání.

Ẹni tó fẹ́ fàájì òru àti orin aláriwo, Gorée kọ́ ni tiyín. Ẹni tí owó bàálù kò tíì tẹ̀ lọ́wọ́, Tarkwa Bay, etíkun kan ní Èkó, náà kò ní mọ́tò, ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ tí kò sí ẹ̀rọ orin, kí ẹ sì ya Nike Art Gallery ní Lẹ́kì fún àwòrán. Ṣùgbọ́n kò ní rọ́pò òkè Castel.

Oṣù Kọkànlá sí oṣù Karùn-ún ló dára jù, afẹ́fẹ́ tutù débi pé Àlhájà wọ súwẹ́tà lálẹ́. Oṣù Keje sí Kẹsàn-án, òjò ni. Tí Dak'Art, àjọ̀dún àwọn ayàwòrán ní Dakar, bá bọ́ sí ọdún tí ẹ ń lọ, yàrá ń tètè tán ní Gorée, nítorí wọ́n ń pàtẹ iṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹni tó ń mú àgbàlagbà lọ gba àdéhùn yàrá ìsàlẹ̀ lórí ìwé kó tó fi owó ránṣẹ́.