Owó orí tọkọtaya: ká pa á pọ̀ ni, àbí ká yà á sọ́tọ̀?

Láti 1958 ni Jámánì ti ń pa owó tó ń wọlé fún tọkọtaya pọ̀: wọ́n á pín àpapọ̀ rẹ̀ sí méjì, wọ́n á ṣírò owó orí lórí ìdajì, wọ́n á sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Swídìn yà á sọ́tọ̀ ní 1971. Kálukú ló ń san tirẹ̀.

Ti Jámánì ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀: ìdílé méjì tí àpapọ̀ owó wọn bá dọ́gba, iye kan náà ni wọn yóò san. Obìnrin ló ń ru ẹrù rẹ̀. Bí owó oṣù ọkọ bá pọ̀, orí ìpele gíga ni owó orí ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó tí ìyàwó bá pa, torí bí owó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìdá tí wọ́n ń gbà nínú rẹ̀ ń ga sí i. Bó bá tún san owó olùtọ́jú ọmọ, kí ló kù? Ọ̀pọ̀ á fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí kí wọ́n máa ṣe ààbọ̀ ọjọ́. Ìyà yẹn kò parí síbẹ̀, nítorí iye tí èèyàn pa nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ló ń pinnu owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

Ní Swídìn, ìpele ìsàlẹ̀ ni ti ìyàwó ti ń bẹ̀rẹ̀, ọkọ ìbáà lówó. Ìwádìí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé sábà máa ń fi hàn pé ìyípadà bẹ́ẹ̀ ń mú kí obìnrin tó wà nílé ọkọ ṣiṣẹ́ sí i.

Ti Swídìn ni mo fara mọ́. Ìdílé tí ẹnì kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ máa san jù, òótọ́ ni. Owó ìtọ́jú ọmọ ni kí ìjọba fi ràn wọ́n lọ́wọ́, kì í ṣe ẹ̀dínwó owó orí bíi ti Jámánì, tó ń ṣe olówó lóore jù.