Ṣọ́ọ̀bù Ọlọ́ìlì kan ní Àkúrẹ́ Tó Ní Kí N Kọ́kọ́ Ṣí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wa Honda Accord mi, ti 2005 tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí End of Discussion, mi ò sì ka ohun tó wà lára ìdérí ibi tí à ń rọ ọ́ìlì sí rí. 5W-20 ni wọ́n kọ síbẹ̀, irú ọ́ìlì tí ọkọ̀ náà ń fẹ́ nìyẹn. Màmá kan tó ń ta ọ́ìlì lójú ọ̀nà Ọyẹ́mẹ́kùn ló fi hàn mí, kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ mi. Nítorí wọn ni mo ṣe ń kọ èyí.

Olùkọ́ ni mí. Láti Àkúrẹ́ ni mo ti ń lọ sí Oǹdó lójoojúmọ́, mò ń gba Ọ̀wẹ̀nà àti Bọ́lọ́rundúró kọjá, àlọ nìkan tó bíi 50 kìlómítà. Ọkọ̀ tó ń rin irú ìrìn yìí, a ò gbọ́dọ̀ fi ọ́ìlì rẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì kan ṣoṣo ni mẹkáníìkì tí mò ń lò nígbà náà mọ̀, 20W-50. Corolla ni o, jíìpù ni o, bọ́ọ̀sì akérò ni o, 20W-50 náà ni. Tí mo bá bi í, á ní, "Mọ̀mí, ilẹ̀ wa gbóná, ọ́ìlì tó ki ló lè dúró." Mo gbà á gbọ́. Nígbà tó wá di àkókò ọyẹ́, bí mo bá ti sítáàtì ọkọ̀ láàárọ̀, ẹ́ńjìnì á máa dún kọ́kọ́kọ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó dákẹ́. Àyà mi a sì já.

Ṣọ́ọ̀bù Màmá ò tóbi. Kò sí àga tí oníbàárà lè jókòó sí, oòrùn ọ̀sán a sì máa wọlé tààrà. Mo béèrè 20W-50 bí mo ṣe máa ń béèrè. Wọn ò tiẹ̀ wo orí pẹpẹ. "Ọkọ̀ wo ni, Àǹtí?" Mo dá wọn lóhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì." Wọ́n bọ́ sínú oòrùn, wọ́n fi àkísà nu ìdérí náà, wọ́n ní kí n kà á sókè.

Àlàyé tí wọ́n ṣe yé mi dáadáa. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn sí nígbà òtútù. W yẹn gan-an, winter ni, ìgbà òtútù àwọn òyìnbó. Bó bá ṣe kéré tó ni ọ́ìlì ṣe ń yára gòkè nígbà tí ẹ́ńjìnì ò tíì gbóná. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C. Ẹ rántí bí epo pupa ṣe máa ń dì nínú kẹ́ẹ̀gì lásìkò ọyẹ́, tí ẹ ó gbé e sóòrùn kó tó lè jáde. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì kì í dì bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àmọ́ ìgbà tó bá tutù ló ki jù, ìgbà yẹn náà sì ni àwọn irin inú ẹ́ńjìnì ń wá a lójú méjèèjì. Synthetic, ìyẹn ọ́ìlì tí wọ́n fi ìmọ̀ kẹ́míkà ṣe ní ilé iṣẹ́, dára níbí torí pé kì í ki jù nínú òtútù, kì í sì í tètè bàjẹ́ nínú ooru.

Ní ti "ilẹ̀ wa gbóná", ibẹ̀ ni ojú mi là jù. Bí oòrùn Àkúrẹ́ bá tiẹ̀ mú dé 35°C, omi inú ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́ ti wà ní nǹkan bíi 90°C, tẹ̀mósítáàtì ló sì ń dì í mú síbẹ̀, ì báà jẹ́ ní Kánádà, ì báà jẹ́ ní Ọjà Ọba. Inú ẹ́ńjìnì ni ooru tí ọ́ìlì ń bá jà ti ń wá, kì í ṣe ojú ọ̀run. Àwọn mẹkáníìkì wa kan a sì máa yọ tẹ̀mósítáàtì yẹn dànù! Ẹni tí wọ́n bá ti yọ tirẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ dá a padà. Ẹ́ńjìnì i-VTEC inú Accord mi tún ń fi agbára ọ́ìlì yí bí fáàfù ṣe ń ṣí padà, ihò tín-ín-rín ni ọ́ìlì náà sì ń gbà.

Màmá ò ní 5W-20 lọ́jọ́ náà, wọn ò sì purọ́ fún mi. Wọ́n ní 5W-30 ni kí n gbà, ó fi díẹ̀ ki ju ti ìdérí lọ, ọkọ̀ tó ti rin jìnnà lè gbà á. Wọn ò gbé 5W-40 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló wọ́n jù. Oní Mercedes tàbí Volkswagen tó bá wá, wọ́n á ní kó wá nọ́ńbà àṣẹ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn jálá, bíi 229.5 tàbí 502 00, torí 5W-40 nìkan ò tó. Mobil 1 5W-30 ni mo rà, synthetic ni. API SP ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn àmì ìpele tí ọ́ìlì náà dé; ó ga ju SL tí ọkọ̀ mi ń béèrè lọ, nítorí náà ó lè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Owó rẹ̀ ju ìlọ́po méjì 20W-50 lọ. Ó dùn mí lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n tún ní jálá 4 lítà ò ní tó. Bí a bá pààrọ̀ fíltà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, 4.2 lítà ni ẹ́ńjìnì yìí ń gbà. Mo fi ìgò lítà kan kún un, ìyókù wà nínú búùtù mi.

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán wọn jù ni èyí: wọ́n ní tí mẹkáníìkì bá ti rọ ọ́ìlì tán, kí n gba jálá òfìfo náà, kí n fi ọ̀bẹ dá a lu. Irú jálá bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníjìbìtì ń rà kiri, tí wọ́n ń rọ ayédèrú sí. Àwọn jálá òfìfo tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, gígé ni wọ́n gé gbogbo rẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ rèé. Mo ti pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́ẹ̀mẹta. Kọ́kọ́kọ́ yẹn dínkù lọ́jọ́ kìíní, lẹ́yìn ìgbà kejì mi ò gbọ́ ọ mọ́. Bẹntiróòlù tí mò ń rà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bá sọ pé synthetic á dín in kù sí ìdajì, ẹ má dá a lóhùn. POS Màmá a máa kọ̀, ẹ mú owó dání. Wọn kì í pààrọ̀ ọ́ìlì níbẹ̀, títà nìkan ni.

Mo pè wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní 5W-20 ti dé. Mo ní kí wọ́n fi jálá kan àti ìgò kan pamọ́ dè mí.