Ọjà Gbàǹjo Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ìfiwéra AliExpress, Temu, Shein àti eBay fún Ẹni Tó Fẹ́ Rajà

Bí ẹ bá wá àtùpà kékeré kan lórí AliExpress, Temu, Shein àti eBay lọ́jọ́ kan náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí àwòrán kan náà lórí ìkànnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí iye owó rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ òǹrajà a mú èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, wọn a sì sanwó. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ títí mo fi ra fíláàṣì kan tí wọ́n kọ sí lára pé ó gba terabyte 2 (nǹkan bíi gigabyte 2,000), ṣùgbọ́n tí àwọn fáìlì mi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nígbà tí mo kó nǹkan bíi gigabyte 30 sínú rẹ̀. Owó tí mo san kò tó nǹkan. Ohun tó dùn mí ni pé gbèdéke tí mo fi lè béèrè owó mi padà ti kọjá kí n tó mọ̀ pé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Láti ìgbà náà, kí n tó wo iye owó, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń ta ọjà gan-an, ẹni tí owó mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹrù tó dé, àti ẹni tí yóò dá mi lóhùn bí ọjà náà kò bá dára. Orí ìbéèrè yìí ni ìkànnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti yàtọ̀ síra jùlọ.

Ta ló ń tajà fún yín?

AliExpress, tí ilé-iṣẹ́ Alibaba dá sílẹ̀ ní ọdún 2010, dà bí ọjà tí oníkálukú ti ní ìsọ̀ tirẹ̀. Òǹtajà kọ̀ọ̀kan ló ń fi iye lé ọjà rẹ̀, òun ló ń kọ àpèjúwe rẹ̀, òun náà ló sì sábà máa ń fi ẹrù ránṣẹ́. Iṣẹ́ AliExpress ni láti di owó yín mú títí ẹ ó fi sọ pé ẹrù ti dé, tàbí títí àkókò tí wọ́n dá yóò fi pé. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí ọgbọ̀n òǹtajà tó ń ta ohun kan ṣoṣo, tí ọ̀kan nínú wọn ti wà lẹ́nu òwò náà láti ọdún mẹ́wàá, tí òmíràn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìsọ̀ ní oṣù tó kọjá. Ọjọ́ orí ìsọ̀ àti iye ọjà tó ti tà kò pamọ́, ó sì yẹ kí ẹ wò wọ́n kí ẹ tó wo ẹ̀dínwó. Àwọn ọjà tí wọ́n lẹ àmì Choice mọ́ yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé AliExpress fúnra rẹ̀ ló ń bójú tó ìfiránṣẹ́ wọn, ó sì lè kó ọjà òǹtajà mélòó kan pọ̀ sínú àpò kan.

Temu kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ PDD Holdings, tí ó tún ni ìkànnì ìtajà Pinduoduo ní Ṣáínà, ni ó gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Nínú ètò tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, òǹtajà a kó ọjà rẹ̀ lọ sí ilé ìkẹ́rùsí Temu ní Ṣáínà, Temu yóò sì pinnu iye tí wọn yóò tà á, yóò polówó rẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́. Bí òǹtajà méjì bá mú ohun kan náà wá, ẹni tó gbà láti ta tirẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú ni yóò rọ́wọ́ mú. Ibẹ̀ ni owó pọ́ọ́kú orí ọjà Temu ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà, nítorí pé òǹtajà tí wọ́n ti fún lọ́rùn lórí iye owó yóò wá ibòmíràn tí yóò ti dín ìnáwó rẹ̀ kù, ara ọjà náà ló sì rọrùn jù láti dín in sí. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ fún òǹrajà ni pé Temu ni ó ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, kò sí pé à ń wá òǹtajà kan tí a kò mọ̀ rí kiri. Lẹ́yìn náà ni Temu gba àwọn òǹtajà tó ní ilé ìkẹ́rùsí ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù láyè. Ọjà tiwọn a máa tètè dé, ṣùgbọ́n òǹtajà fúnra rẹ̀ ló ń fi í ránṣẹ́.

Aṣọ ni Shein fi bẹ̀rẹ̀. Ṣáínà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 2008, Singapore sì ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà báyìí. Ọgbọ́n òwò rẹ̀ ni pé yóò ní kí àwọn ilé ìránṣọ kékeré kọ́kọ́ rán bí ọgọ́rùn-ún sí igba aṣọ péré nínú àrà tuntun kan, bí ó bá tà, wọn yóò rán sí i, bí kò bá tà, wọn yóò pa á tì. Nítorí náà, aṣọ tí ẹ rí lónìí lè má sí níbẹ̀ mọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ kò sì lè gbẹ́kẹ̀ lé e pé ẹ ó rí òmíràn tó bá a mu. Àwọn òǹtajà mìíràn náà ti ń pàtẹ sórí rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni Shein ṣe.

eBay ló dàgbà jù nínú wọn, nítorí pé ọdún 1995 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọjà tuntun àti ọjà àlòkù ló wà níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ ta fóònù rẹ̀ kan ṣoṣo sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníṣòwò tó ní ẹgbẹ̀rún páálí nílẹ̀. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ wò níbẹ̀ ni ibi tí wọ́n kọ pé ọjà náà wà. Mo ti rí ọjà tí wọ́n sọ pé ó wà ní ìlú kan ní Yúróòpù, tí nọ́ńbà ìtọpa ẹrù sì fi hàn pé Ṣáínà ló ti gbéra. Alágbàtà tó rà á níbẹ̀ tó sì fi owó lé e ni òǹtajà náà.

Iye tí wọ́n kọ àti iye tí ẹ ó san

Lórí AliExpress, ẹ ṣọ́ra fún iye tó kéré jù tí wọ́n kọ sókè. Ó lè jẹ́ pé wáyà tàbí àpò ọjà náà nìkan ni wọ́n fi iye yẹn tà, tí ohun tó wà nínú àwòrán gan-an sì jẹ́ ìlọ́po márùn-ún rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá tẹ irú èyí tí ẹ fẹ́ nìkan ni òótọ́ yóò hàn. Lórí Temu, iye owó máa ń ṣe kedere ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ariwo ibẹ̀ pọ̀: aago tó ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn, àgbá oríire tí wọ́n ní kí ẹ yí, àti iye tí ọjà rẹ kò gbọdọ̀ dín sí kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, European Commission, ìyẹn ìgbìmọ̀ aláṣẹ European Union, àti àwọn àjọ tó ń dáàbò bo òǹrajà ní Yúróòpù fi tó Temu létí pé àwọn kan nínú ìwà yìí, àti ẹ̀dínwó tí kì í ṣe òótọ́, tako òfin wọn. Shein náà kò bọ́ níbẹ̀: ní oṣù Keje ọdún 2025, ìjọba Faransé bu owó ìtanràn yúrò mílíọ̀nù 40 lé e lórí nítorí ẹ̀dínwó ẹ̀tàn. Mo rò pé ó yẹ kí á ka iye tí wọ́n fi ìlà pa rẹ́ sí ọ̀ṣọ́ lásán, lórí ìkànnì yòówù kó jẹ́. Ẹ fi ọjà náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sì padà wá wò ó. Ẹ ó rí i pé aago náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Owó ibodè ni ó ti yí ìṣirò padà jùlọ láìpẹ́ yìí. Láti ọdún 2016, ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju dọ́là 800 lọ máa ń wọ Amẹ́ríkà láìsan owó ibodè, orí èyí sì ni òwò Temu àti Shein níbẹ̀ dúró lé. Wọ́n fi òpin sí i fún ẹrù láti Ṣáínà àti Hong Kong ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n sì fi òpin sí i fún gbogbo orílẹ̀-èdè yòókù ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ní ti European Union, láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2021 ni wọn kò ti yọ ẹrù tí kò tó yúrò 22 sílẹ̀ nínú owó-orí ọjà mọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí ìkànnì máa gba owó-orí náà nígbà tí a bá ń sanwó fún ẹrù tí kò ju pọ́ùn 135 lọ, láti oṣù Kìíní ọdún 2021. Nítorí náà, iye tí ẹ ó fi wéra ni èyí tó wà ní ojú ìwé ìsanwó tó gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣírò owó ìfiránṣẹ́ àti owó-orí mọ́ ọn.

Bí ọjà bá dé tí kò dára

Lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo fi Temu ṣáájú. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n fún òǹrajà láti dá ọ̀pọ̀ jùlọ ọjà padà, ìdápadà àkọ́kọ́ fún ìrajà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí ohun náà bá kéré, wọ́n lè dá owó padà kí wọ́n sì ní kí ẹ má wulẹ̀ fi í ránṣẹ́ mọ́.

AliExpress a máa dá owó padà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí ẹ ó pè nínú ìkànnì náà ni, ẹni tó ní ẹ̀rí ló sì ń jàre. Ọjọ́ 15 péré ni ẹ ní láti pe ẹjọ́ náà lẹ́yìn tí ìrajà bá ti parí. Ẹ má ṣe tẹ bọ́tìnnì pé ẹ ti gba ẹrù kí ẹ tó dán an wò, bí ó ti wù kí òǹtajà bẹ̀ yín tó. Ẹ ya fídíò bí ẹ ṣe ń tú àpò náà, kí orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ hàn. Bí òǹtajà bá ní kí ẹ fagi lé ẹjọ́ kí òun tó fi òmíràn ránṣẹ́, ẹ má gbà, nítorí pé ọjọ́ ń lọ, ohun tó sì ń dúró dè nìyẹn.

Lórí eBay, ọgbọ̀n ọjọ́ ni ẹ ní láti sọ pé ọjà kò dé tàbí pé kò bá àpèjúwe rẹ̀ mu. Ìlànà Shein yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ẹ sì ní láti ka ti ibi tí ẹ wà. Aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ kì í sábà ṣeé dá padà. Lórí gbogbo wọn, ẹ fi káàdì sanwó nínú ìkànnì náà. Òǹtajà tó bá ní kí ẹ wá sanwó níta kí òun lè dín in kù fún yín ti yọ yín kúrò lábẹ́ ààbò gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí.

 

Ohun tí ẹ lè rà, àti èyí tí ẹ ó fi sílẹ̀

Ìdè, ìbòrí fóònù, wáyà, irinṣẹ́ kékeré àti ohun èlò iṣẹ́ ọwọ́: AliExpress ni mo máa ń wá wọn lọ, nítorí pé ẹ̀yà tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ti ibikíbi lọ. Ohun èlò ilé fún ẹni tí kò fẹ́ ẹjọ́, Temu tó o. Ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tó ti pẹ́, tí wọn kò ṣe mọ́, eBay ni.

Ní ti páwà báńkì, ẹ fi ìṣirò bá wọn wí. Bátìrì róbótó gígùn tí wọ́n ń pè ní 18650 máa ń wúwo tó gíráàmù 45, kò sì sábà ju 3,500 mAh lọ (mAh ni wọ́n fi ń wọn bí iná tí bátìrì lè gbà ti pọ̀ tó). Èyí tó bá ní òun jẹ́ 20,000 mAh, tó sì jẹ́ irú bátìrì yìí ló wà nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ ní mẹ́fà ó kéré tán, ìyẹn gíráàmù 270 láì tíì ka ìbòrí rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 50,000 mAh, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 200, irọ́ ni. Fíláàṣì àti káàdì ìrántí náà, ẹ fi ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ H2testw dán wọn wò lórí Windows, tàbí F3 lórí Linux àti Mac, lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé gan-an.

Èmi kì í ra ṣájà tí a ń kì bọ iná ògiri níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kì í ra ohun ìpara. Àmì CE tó wà lára ọjà, èyí tó ń sọ pé ó bá òfin Yúróòpù mu, kò tó ẹ̀rí, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọjà, ẹni tó ṣe é ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Ohun ìṣeré ọmọdé tún burú jù: ní ọdún 2024, ìjọba ìlú Seoul ní Kòríà Gúúsù dán ọjà ọmọdé láti àwọn ìkànnì yìí wò, wọ́n sì rí phthalate, ìyẹn èròjà tí wọ́n fi ń mú kí ike rọ̀, tó ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ nínú àwọn kan.

Aṣọ kò ṣòro bí ẹ bá gbàgbé lẹ́tà S, M àti L. Ẹ mú aṣọ yín kan tó bá yín mu, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà wọn àyà àti gígùn rẹ̀, kí ẹ sì fi wé àtẹ ìwọ̀n tó wà lábẹ́ ọjà náà.

Àwọn tó fẹ́ rà púpọ̀ láti tún tà yóò gbọ́ nípa 1688, ìkànnì Alibaba mìíràn, níbi tí owó ti kéré ju ti àwọn tó ṣáájú lọ. Èdè Ṣáínà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, òǹtajà kì í sì í sábà fi ẹrù ránṣẹ́ sí òkèèrè, nítorí náà alágbàtà ni yóò bá yín rà á, tí yóò gbà á sí ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀, tí yóò sì ya àwòrán rẹ̀ fún yín. Ẹ fara balẹ̀ wo àwòrán yẹn, kí ẹ sì ní kí ó wọn ọjà náà lórí òṣùwọ̀n, nítorí pé bí ẹrù bá ti kúrò ní Ṣáínà, alágbàtà náà nìkan ló kù tí ẹ lè bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ti parí.